MÍMÚ ỌKỌ̀ KÉKERÉ WỌ ÈBÚTÉ NÍ ETÍ Ọ̀SÀ
Ẹ̀kọ́ fún àwọn apẹja àti àwọn atukọ̀ ní Ìjẹ̀dẹ́ àti agbègbè rẹ̀

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin oníṣòwò ẹja, àti ẹ̀yin atukọ̀ tí ń gbé èrò àti ẹrù kọjá láàrin Ìjẹ̀dẹ́ àti Badore, ẹ̀yin ni a kọ ìwé kékeré yìí fún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni a ti gbọ́ nípa bí a ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, bí a ṣe ń yan ẹja, àti bí a ṣe ń tọ́jú edé kí ó má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò bá dé ilẹ̀ kì í ṣe ẹja títà, ọkọ̀ tí ó bá sì fọ́ ní èbúté kò yàtọ̀ sí èyí tí ó fọ́ ní àárín ọ̀sà. Gbogbo làálàá òru kan lè ṣòfò láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó kù kí ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni ó dé tí èbúté fi léwu ju àárín omi lọ? Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ní ẹ̀bá ilẹ̀, omi kò jìn, ìgbì sì máa ń ga sókè tí ó sì máa ń fọ́ nígbà tí ó bá dé ibi tí omi ti fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèkàn, ìtì igi àti gbòǹgbò wà. Ibẹ̀ ni àwọn èrò ti máa ń dìde dúró nítorí pé wọ́n ti rí ilé. Ó ti rẹ atukọ̀ pàápàá, ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò lára ọkọ̀, ó ti wà lọ́jà. Àwọn àgbà ní, odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹja. Nítorí náà ó yẹ kí a kọ́ ìwà omi kí a tó fi ẹ̀mí wa lé e lọ́wọ́.

1. OHUN TÍ Ó Ń MÚ OMI KÚN TÍ Ó SÌ Ń MÚ UN FÀ

Òkun kì í dúró lójú kan. Òṣùpá ni ó ń fa omi mọ́ra, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Èyí ni ó ń mú kí òkun ga sókè kí ó sì tún lọ sílẹ̀. Ní etí òkun tiwa, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàrin nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Láti ìkún kan dé ìkún kejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, bí omi bá kún tán ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ òní, ẹ máa retí ìkún rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la nígbà tí agogo mẹ́sàn-án bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń fi aago àná wọ èbúté lónìí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹnu ọ̀nà ńlá tí omi òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà Èkó ni èyí tí ó wà láàrin Tarkwa Bay àti Victoria Island. Ní ayé àtijọ́, òkìtì yanrìn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà yìí burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé. Ìta òkun ni wọ́n ti ń sọ èrò àti ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré, ẹ̀mí sì ń ṣòfò níbẹ̀. Ní 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọ inú òkun láti dáàbò bo ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ nìkan ni ó ń gba ọkọ̀ là. Ọkọ̀ tí ó tóbi ju ilé lọ pàápàá ń dúró de omi.

Ní ẹnu òkun yìí, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìkún àti ìfà omi kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní ibi tí a ń pè ní Bay of Fundy, ìyàtọ̀ náà lè ju mítà 15 lọ. Tiwa kéré. Bí omi sì ti ń wọ inú ọ̀sà lọ sí ìhà Ìkòròdú, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ túbọ̀ ń dínkù, ó sì ń pẹ́ kí ó tó dé. Nítorí náà, aago ìkún omi tí a kọ sínú ìwé fún èbúté ọkọ̀ ńlá l'Ékòó kì í ṣe aago ìkún omi ní Ìjẹ̀dẹ́.

Ẹ má ṣe tìtorí pé ó kéré kí ẹ fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ọ̀sà wa kò jìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ènìyàn lè fi ọ̀pá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ilẹ̀ èbúté kan bá ń rọra lọ sísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, omi tí ó bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan péré fà yóò ṣí ẹrẹ̀ tí ó gùn tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dé lákòókò náà yóò ru apẹ̀rẹ̀ ẹja kọjá nínú ẹrẹ̀, tàbí kí ó jókòó sínú oòrùn títí omi yóò fi padà, tí ẹja rẹ̀ yóò sì máa bàjẹ́.

Òṣùpá ni ìwé tí kò ní owó. Ní ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti ní ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú, agbára òṣùpá àti ti oòrùn pa pọ̀. Omi yóò kún jù bí ó ti yẹ lọ, yóò sì fà jù bí ó ti yẹ lọ. Ìṣàn rẹ̀ yóò sì yára. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní omi ńlá. Ní ìgbà tí òṣùpá bá dá sí méjì bí ìlàjì àwo, agbára méjèèjì kò pa pọ̀ mọ́. Ìkún kò ga, ìfà kò sì jìn. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní omi kékeré. Ẹni tí ó bá ń wo ojú ọ̀run ní alẹ́ ti mọ irú omi tí yóò bá pàdé lọ́la.

2. Ẹ FI Ọ̀PÁ WỌN OMI ÈBÚTÉ YÍN

Ìmọ̀ tí ó dára jù nípa èbúté kan ni èyí tí àwọn ará èbúté náà fi ojú ara wọn rí. Iṣẹ́ yìí kò ná yín ju ọ̀pá kan, ọ̀bẹ, ọ̀dà díẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan lọ.

Ẹ wá ọ̀pá líle tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ fa ìlà kéékèèké sí i ní ínṣì mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ gbìn ín gírígírí sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, níbi tí omi kì í ti í gbẹ tán, tí kò sì ní dí ọ̀nà fún ọkọ̀. Kí ẹnì kan, ìbáà ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mọ̀ ọ́n kọ, máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: aago, ìwọ̀n omi, àti bí òṣùpá ti rí ní alẹ́ àná.

Bí ẹ bá ṣe èyí fún oṣù kan gbáko, láti ìgbà tí oṣù lé títí tí òmíràn yóò fi lé, ẹ ó mọ ìwọ̀n omi tí ó kéré jù ní èbúté yín, ẹ ó mọ èyí tí ó pọ̀ jù, ẹ ó sì mọ iye wákàtí tí ìkún omi fi ń tẹ̀lé yíyọ òṣùpá. Ẹ tún un ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò, nítorí pé wọn kò rí bákan náà. Kí ẹ fi ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo èbúté gbẹ́kẹ̀lé.

3. OMI KÌ Í FÀ NÍ ÌWỌ̀N KAN NÁÀ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yára ní àárín, ó sì ń parí jẹ́jẹ́. Àwọn atukọ̀ káàkiri àgbáyé ní ìlànà kan tí ó rọrùn. Wọ́n pín gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìkún àti ìfà sí ọ̀nà méjìlá. Ní wákàtí kìíní, ọ̀kan nínú méjìlá ni ó ń lọ. Ní wákàtí kejì, méjì. Ní wákàtí kẹta, mẹ́ta. Ní wákàtí kẹrin, mẹ́ta. Ní wákàtí karùn-ún, méjì. Ní wákàtí kẹfà, ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Ọ̀pá yín ni yóò sọ tiyín fún yín. Ká ní omi kún tán ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ó sì jìn ní ínṣì 30 ní ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ká ní ínṣì 12 ni yóò kù níbẹ̀ nígbà tí ó bá fà tán. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 18. Ọ̀kan nínú méjìlá rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan àti ààbọ̀. Bí omi yóò ti rí nìyí:

Agogo mẹ́wàá: ínṣì 30.
Agogo mọ́kànlá: ínṣì 28 àti ààbọ̀.
Agogo méjìlá ọ̀sán: ínṣì 25 àti ààbọ̀.
Agogo kan: ínṣì 21.
Agogo méjì: ínṣì 16 àti ààbọ̀.
Agogo mẹ́ta: ínṣì 13 àti ààbọ̀.
Agogo mẹ́rin: ínṣì 12.

Nísinsìnyí, ká ní ọkọ̀ yín, pẹ̀lú ẹrù àti ẹ̀rọ, ń fẹ́ omi ínṣì 20 kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ínṣì mẹ́rin kún un nítorí ìgbì àti nítorí ohun tí ó lè wà ní ìsàlẹ̀. Ó di ínṣì 24. Ó hàn gbangba pé ẹ gbọ́dọ̀ dé kí agogo méjìlá ọ̀sán tó kọjá. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò ta ẹja díẹ̀ sí i ní òdìkejì, kí òun wá padà ní agogo kan, yóò bá ẹrẹ̀ pàdé. Omi kò sì ní padà tó ínṣì 24 kí ó tó di nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, ìyẹn ní òkùnkùn, nígbà tí kò yẹ kí ọkọ̀ kékeré wà lórí omi mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó kù fún un: kí ó tètè padà, kí ó dín ẹrù kù, tàbí kí ó gúnlẹ̀ sí èbúté mìíràn tí omi rẹ̀ jìn. Wákàtí kan ni ó ya ọgbọ́n kúrò lára àbámọ̀.

4. ÒJÒ, AFẸ́FẸ́ ÀTI ÌGBÀ ỌDÚN

Òṣùpá kì í ṣe ọba kan ṣoṣo lórí ọ̀sà. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn, odò Májìdun àti omi tí ń ti ìhà Ẹ̀pẹ́ wá ń da omi púpọ̀ sínú ọ̀sà. Omi yóò ga, ìṣàn tí ń lọ sí òkun yóò sì borí èyí tí ń ti òkun bọ̀. Ẹ lè rí i pé wákàtí ìkún dé, síbẹ̀ kí omi ṣì máa ṣàn jáde. Nígbà náà, ojú ni kí ẹ gbàgbọ́. Ẹ wo bí koríko tí ó léfòó ti ń lọ. Ẹ wo ọ̀nà tí ọkọ̀ tí a so mọ́ èèkàn kọ imú sí. Àwọn ohun wọ̀nyí kì í purọ́.

Ní ti afẹ́fẹ́, òwúrọ̀ ni ọ̀sà sábà máa ń dákẹ́. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ láti òkun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, yóò sì lágbára ní ọ̀sán. Etí ọ̀sà ní ìhà àríwá ni Ìjẹ̀dẹ́ wà. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ọ̀sán yìí ń rìn kọjá lórí omi gbalasa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìgbì tí ó sì ń dá sílẹ̀ ń fọ́ sí èbúté yín. Ọkọ̀ tí ó kúrò ní Badore lórí omi dídákẹ́ lè bá omi ríru pàdé ní Ìjẹ̀dẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lòdì sí ìṣàn omi, ìgbì yóò kúrú, yóò sì ga, yóò sì súnmọ́ ara wọn. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó ń da omi sínú ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, ẹ ṣọ́ ìjì tí ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Bí ẹ bá rí ìkùukùu dúdú tí ó tò bí ògiri, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì tí ara sì tutù, àkókò kò pọ̀ mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo òdìkejì ọ̀sà mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbéra nígbà tí ẹ kò bá rí àmì tí ẹ ń lọ bá.

5. EWU TÍ Ó FARA PAMỌ́

Ewéko odò tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, tí a kọ́kọ́ rí ní ìhà Badagry ní 1984, ń pọ̀ lórí ọ̀sà ní ìgbà òjò nítorí pé omi kò ní iyọ̀ nígbà náà. Bí iyọ̀ òkun bá padà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń kú. Afẹ́fẹ́ a máa kó o jọ sí èbúté bí ẹní. Ẹ má ṣe fi eré wọ inú rẹ̀. Ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ, ó sì ń bo ìtì igi mọ́lẹ̀. Bí ó bá wé mọ́ ẹ̀rọ yín, ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀sà yìí ni àwọn onígẹdú ń gbà fa ìtì igi láti ìhà ìlà-oòrùn lọ sí Èkó. Ìtì tí ó bá já sọnù máa ń mu omi títí kò fi ní léfòó dáadáa mọ́. Yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ojú omi, ìgbì kékeré nìkan ni yóò sì máa fi í hàn. Ẹ tún ṣọ́ èèkàn àwọ̀n, igi tí a gbìn fún ẹja láti sá sí, àti okùn ìgèrè. Ohun ìní ẹlòmíràn ni wọ́n. Ẹni tí ó bá là wọ́n kọjá ti ba iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́, ó sì ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ wewu. Níbi tí a bá ti ń wa yanrìn, ilẹ̀ ọ̀sà kò tẹ́jú mọ́: ẹ lè bá kòtò jíjìn pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, kí ọ̀pá tí ó ń kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ má kàn án mọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sínú omi ní irú ibẹ̀.

6. KÍ Ẹ TÓ GBÉRA

Èbúté tí ẹ ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó kúrò ní èyí tí ẹ wà. Ẹ bi ara yín léèrè pé: Agogo mélòó ni a ó dé? Omi yóò ha ń kún tàbí yóò ha ń fà? Níbo ni a ó yà sí bí a kò bá lè wọlé? Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ má ì gbéra.

Kí àwọn ohun wọ̀nyí wà nínú ọkọ̀: ẹ̀wù amúniléfòó fún olúkúlùkù, kí ó sì wà lọ́rùn wọn, kì í ṣe lábẹ́ ìjókòó; àjẹ̀ méjì, bí ẹ tilẹ̀ ní ẹ̀rọ; ọ̀pá gígùn; ìdákọ̀ró pẹ̀lú okùn tí ó gùn tó; igbá tí a fi ń gbọ́n omi; epo tí ó tó àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú èyí tí yóò kù; iná tọ́ọ̀ṣì; àti fèrè. Ẹ di ẹrù sí àárín ọkọ̀, sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe to apẹ̀rẹ̀ lé ara wọn títí tí atukọ̀ kò fi ní rí iwájú. Ẹ sàmì ọ̀dà sí ìhà ọkọ̀, kí ẹ sì bá ara yín ṣàdéhùn pé bí omi bá ti bo àmì náà, ẹrù ti tó. Owó èrò kan tí a fi kún un kò tó owó ọkọ̀, kò sì tó ẹ̀mí ẹnì kan.

7. BÍ Ẹ BÁ TI RÍ ÈBÚTÉ

Ẹ tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní, ẹ dín eré kù nígbà tí ẹ ṣì jìnnà, kí ẹ sì wò. Níbo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ? Níbo ni omi ń ṣàn lọ? Ọkọ̀ wo ni ó ń jáde bọ̀? Ẹni tí ń jáde pẹ̀lú èrò nínú ọ̀nà tóóró, ẹ fún un láyè kí ó kọjá.

Èkejì, ẹ lo àmì méjì. Kí ẹ yan ohun méjì lórí ilẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí igi ńlá kan àti òrùlé kan, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá wà ní ìlà kan náà, inú ọ̀nà tí ó jìn ni ẹ wà. Bí èyí tí ó wà lẹ́yìn bá yọ sí apá ọ̀tún, ẹ ti yà sí ọ̀tún. Ẹ padà sí òsì. Bí ó bá yọ sí òsì, ẹ padà sí ọ̀tún. Ìlànà yìí ń fi hàn yín pé omi ń gbé yín lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí imú ọkọ̀ tilẹ̀ kọjú sí èbúté. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹ̀gbin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, jẹ́ àmì tí a lè rí láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe súnmọ́ ibi tí ó ti ń fa omi ọ̀sà láti mú ẹ̀rọ rẹ̀ tutù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnì kan jókòó sí iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, kí ó máa wọn omi, kí ó sì máa ké ìwọ̀n rẹ̀ fún atukọ̀. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá náà ní ìwọ̀n omi tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Bí aṣọ náà kò bá kan omi mọ́ nígbà tí ọ̀pá kan ilẹ̀, ẹ dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ohun tí ó lágbára jù nínú ìṣàn àti afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀gbẹ́ súnmọ́ afárá èbúté. Ọkọ̀ tí ó ń dojú kọ ìṣàn rọrùn láti dá dúró; èyí tí ìṣàn ń tì lẹ́yìn kò gbọ́ràn sí atukọ̀ lẹ́nu. Bí ó bá gbà kí ẹ kọjá èbúté díẹ̀ kí ẹ tó yí padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé ẹ̀rọ sókè kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó kan ẹrẹ̀, kí ẹ sì fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá parí ìrìn náà. Kí gbogbo èrò jókòó títí a ó fi so okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárín ọkọ̀, kí àgbàlagbà àti ọmọdé rí ẹni dì mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ sí àárín ọkọ̀ àti afárá láti dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi okùn tí ó gùn díẹ̀ so ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a so pinpin nígbà ìkún yóò so rọ̀ bí àgbò nígbà tí omi bá fà.

8. BÍ ỌKỌ̀ BÁ HÁ, TÀBÍ BÍ ÌJÌ BÁ DÉ

Bí ọkọ̀ bá há sórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi ń kún, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ju ìdákọ̀ró sí ìhà ibi tí omi ti jìn kí ìgbì má baà tì yín wọlé sí i. Omi fúnra rẹ̀ yóò gbé yín. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń fà, ẹ gbọ́dọ̀ yára. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ kó ẹrù sí apá tí kò há, kí ẹ sì fi ọ̀pá ti ọkọ̀ padà sí ọ̀nà tí ó gbà wá. Bí kò bá gbà, ẹ dúró nínú ọkọ̀. Ẹrẹ̀ ọ̀sà lè gbé ènìyàn mì dé ìtan. Ọjọ́ kan tí a fi dúró sàn ju ẹni kan tí a ń wá.

Bí ìjì bá ká yín mọ́ ojú omi, ẹ má ṣe sáré lọ sí èbúté tí ìgbì ti ń fọ́. Ọkàn yóò fẹ́ ẹ, nítorí pé ilé ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dojú dé. Kí gbogbo ènìyàn jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì, ẹ máa fi ẹ̀rọ tàbí àjẹ̀ mú un níbẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ ju ìdákọ̀ró láti iwájú. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ẹ di ara rẹ̀ mú, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ láti wẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ó dàbí ẹni pé ó súnmọ́.

9. ÒRU ÀTI ÒFIN

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NIWA sílẹ̀ ní 1997 láti bójú tó ọ̀nà omi. Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá LASWA sílẹ̀ ní 2008. Àjọ méjèèjì ti kìlọ̀ léraléra pé kí ọkọ̀ èrò má ṣe rìn ní òru, àti pé kí èrò kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Kì í ṣe láti fi ìyà jẹ atukọ̀. Ní oṣù Keje 2022, ọkọ̀ èrò kan tí ó gbéra láti Mazamaza ní alẹ́ dànù lójú omi l'Ékòó, ẹ̀mí tí ó sì lọ ju mẹ́wàá lọ. Ní òru, ìtì igi kò hàn, èèkàn kò hàn, iná ìlú sì ń da ojú rú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní mọ èyí tí ó jìnnà àti èyí tí ó súnmọ́. Àwọn àmì méjì tí a sọ̀rọ̀ wọn kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìṣe òkùnkùn kì í dá òṣùpá lóró, ṣùgbọ́n òṣùpá pàápàá kì í fi ohun tí ó wà lábẹ́ omi hàn.

10. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ RÁNTÍ

Ẹ wo òṣùpá ní alẹ́. Ẹ wo ọ̀pá omi ní òwúrọ̀.
Ẹ ṣírò aago àbọ̀ kí ẹ tó ṣírò èrè.
Ẹ kọjá ọ̀sà ní òwúrọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ padà kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó le.
Ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì rí i pé èrò wọ̀ ọ́.
Ẹ dín eré kù, ẹ fi ọ̀pá wọn omi, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ìṣàn.
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde kí a tó so okùn méjèèjì.
Bí ó bá rú yín lójú, ẹ padà sí omi jíjìn kí ẹ sì dúró.

Ẹ̀yin àgbà èbúté, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò mọ̀wé, kí ẹ sì yan ọjọ́ kan láti gbìn ọ̀pá omi yín. Àwọn baba wa tí wọ́n tu ọ̀sà yìí kò ní ìwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ oṣù, wọ́n mọ afẹ́fẹ́, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dúró. Àbọ̀ ayọ̀ ni àwọn ará ilé ń retí ju ẹja lọ.